Ẹja Dádì

Mo gbóòórùn ẹja yíyan àti ọsàn wẹ́wẹ́ ní Upney, ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì rántí òtẹ́ẹ̀lì ìdílé kan ní erékùṣù kan ní Gíríìsì, tí èmi àti Mọ́mì dé sí nígbà tí mo wà ní kékeré. Aṣọ dúdú ni ìyá àgbà tó ni ín wọ̀. Mọ́mì náà wọ dúdú; ó ní kì í tètè dọ̀tí.

Ìyá àgbà náà gbé àwo ẹja mẹ́ta síwájú wa. Ó bi mí pé, “Dádì ńkọ́?”

“Mọ́mì ní ó rìnrìn àjò. Ó ń bọ̀.”

Ìyá àgbà náà wo aṣọ Mọ́mì, ó sì fẹ́ gbé àwo kẹta kúrò.

“Ti Dádì nìyẹn!” mo ké.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀,” Mọ́mì bẹ̀ ẹ́.

“A ti sin bàbá rẹ kí ẹ tó wọ bàálù,” ni àǹtí mi sọ fún mi nígbà tí mo dàgbà.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ní òtẹ́ẹ̀lì, mo jókòó, mo ń lé eṣinṣin, kí ẹja Dádì má baà bàjẹ́.