Ẹja Tí Mo Fi Tọrọ Ìyàwó

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ẹja tútù lọ́jà Àrámọ̀kọ, àtẹ́lẹwọ́ a máa yún mi. Okùn ìwọ̀ ni ó bó wọn, nígbà tí mo ṣì jẹ́ géńdé, tí mo rò pé kò sí ohun tí ọkùnrin tí ó jẹ iyán yó kò lè ṣe láyé.

Olùkọ́ ni ìyá àwọn ọmọ mi nígbà náà. Ọmọ apẹja ni, láti etí òkun Ìlàjẹ. Iṣẹ́ ni ó gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Nígbà tí àwọn ẹbí mi kó ẹrù ìdána láti Ẹ̀rìjìyàn lọ bá bàbá rẹ̀, ó yin iṣu wa, ó yin oyin wa, ó wá kan ẹja gbígbẹ tí a rà lọ́jà. Ó gbé e sókè, ó rẹ́rìn-ín.

“Ta ní ń fi iṣu ọjà tọrọ ọmọ àgbẹ̀? Ẹ wá fi ẹja ọjà tọrọ ọmọ apẹja!” Ó kọjú sí mi. “Ará òkè, lọ pa tìrẹ wá. Ìwọ nìkan. Ọjọ́ tí o bá pa á ni ọmọ mi di tìrẹ.”

Àwọn ẹbí mi gbé ẹrù sílẹ̀, wọ́n fi èmi náà sílẹ̀ tì í.

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni bàbá fi kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, tí àwọn ará etíkun ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni mo wá dá wa ọkọ̀ kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Oòrùn ti ga kí nǹkan tó gbé ìwọ̀ mi mì. Ibẹ̀ ni ará Èkìtì ti jáde lára mi. Ẹni tí ó ń fi igbà gun ọ̀pẹ nílé, ìbàdí ni ó mọ̀ pé a ń so okùn mọ́, ni mo bá so okùn ìwọ̀ mọ́ ìbàdí, mo fi ẹsẹ̀ ti ọkọ̀. Mo gbàgbé pé ọ̀pẹ kì í sá lọ. Ẹja náà wọ́ èmi àti ọkọ̀ bí ẹni wọ́ ewúrẹ́ lọ sọ́jà, omi ń dà wọlé. Mo rí i pé bí n kò bá tú okùn náà, òkun ni yóò fi mí ṣe ọkọ. Mo fi eyín tú u, mo fi ọwọ́ méjèèjì di okùn náà mú. Ìgbà náà ni mo rántí ohun tí bàbá tó bí mi máa ń wí lóko: “Uṣu kì í gbọ́ ti agbára, ẹ̀bẹ̀ la fi ń bẹ̀ ẹ́ jáde nílẹ̀.” Bí ẹja bá fà, mo dẹ okùn fún un, bí ó bá sinmi, mo fà díẹ̀. A ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, tí ó sì rẹ èmi náà, kí n tó gbé e wọnú ọkọ̀. Ó gùn tó ìdajì ọkọ̀. Mo jókòó tì í, mo sunkún.

Nígbà tí mo gbójú sókè, n kò rí ilẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ kan ni mo rí tí ó ń bọ̀, bàbá ìyàwó ni.

“Bàbá, ẹ gbà mí o! Apá mi ti kú.”

“Bí mo bá fọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ, wọn á ní èmi ni mo pa á. Wà á, ará òkè. Èmi rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.”

Bẹ́ẹ̀ ni ó wa tirẹ̀ jẹ́jẹ́, tí ó ń bú mi, tí ó sì ń dúró dè mí, títí a fi gúnlẹ̀. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ ni ó ti ń pariwo: “Ẹ wá wo ẹja àna mi!”

Ó ti di ẹni ilẹ̀ báyìí. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni ìyàwó mi tó sọ fún mi pé láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni bàbá ti ń tẹ̀ lé mi lókèèrè, láìjẹ, láìmu. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan wá tọrọ ọmọbìnrin mi. Èmi kò béèrè ẹja. Mo ní kí ó wá kọ ebè fún mi lóko. Nígbà tí oòrùn mú, mo fara pamọ́ sáàárín kòkó, mo ń wò ó bí ó ti ń làágùn, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kí ó má jẹ́ kí ó rẹ̀ ẹ́.