Bàbá Jẹ́jẹ́ Oníkáàdì

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mẹkáníìkì ni wọ́n fi ń rántí Bàbá Jẹ́jẹ́ jù lọ. Lójú gbogbo àlejò ni baba náà ti dìde, tó lọ bá ọkọ ìyàwó níwájú, tó sì gba ẹ̀bùn tí òun fúnra rẹ̀ mú wá padà. Káàdì ìkíni ni ẹ̀bùn ọ̀hún. Bí èèyàn bá ṣí i, ilé alájà kan á dìde nínú rẹ̀, tòun ti àtẹ̀gùn àti fèrèsé, ọkọ àti ìyàwó á sì yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Bébà lásán ni gbogbo rẹ̀. Mẹkáníìkì ò mọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fa káàdì náà bí ìgbà tó ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀.

“Jẹ́jẹ́!” Bàbá ti ń pariwo bọ̀ láti ẹ̀yìn. “Ṣí i jẹ́jẹ́!”

Kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òrùlé ti ya. Bàbá gba káàdì, ó pa á dé, ó há a sábẹ́ apá.

“Bó bá jẹ́ bó o ṣe fẹ́ máa wọlé rẹ nìyí, kò ní pẹ́ wó. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wá bá mi nílé. Ẹ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí i kí ẹ tó gbà á.”

Wọ́n lọ lóòótọ́. Bàbá ti tún òrùlé ṣe. Ìyàwó fi ìka méjì ṣí káàdì, ilé dìde, ó yege lójú ẹsẹ̀. Ọkọ fìdí rẹmi, wọ́n ní kó lọ fọwọ́ kó sì padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Títí dòní, ìyàwó nìkan ló ń ṣí káàdì yẹn nílé wọn.

Ọmọbìnrin Bàbá, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Aránṣọ, wà níbi ìgbéyàwó náà. Ojú tì í débi pé abẹ́ tábìlì ló ń wò. Àmọ́ ó mọ ẹni tó bí i. Ilé ìtẹ̀wé ni baba rẹ̀ ti ṣiṣẹ́, nídìí ẹ̀rọ tó ń gé bébà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò fẹ̀yìn tì. Ó gbé tábìlì sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀, ni wọ́n bá ń gé aṣọ níwájú, wọ́n ń gé bébà lẹ́yìn. Páálí kankan ò rímú mí mọ́ nínú ilé náà. Aránṣọ ra bàtà tuntun lẹ́ẹ̀kan. Kó tó wọ̀ ọ́ wò tán, páálí rẹ̀ ti di ọgbà òdòdó.

Bí Bàbá bá lọ ra bébà, ẹni tó ń tà á á ti máa mí kanlẹ̀. Bàbá á mú abala kan, á fì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, á tẹ́tí.

“Èyí ò gbádùn. Ikọ́ ń ṣe é.”

“Bàbá, ṣé bébà náà ń wúkọ́ ni?”

“Ìwọ lo ò gbọ́. Gbé òmíràn wá.”

Wọ́n á tú gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Nígbẹ̀yìn, Bàbá á ní kí wọ́n ta páálí tí wọ́n fi di àwọn bébà náà wá fún òun. Ó ní páálí yẹn nìkan ni ara rẹ̀ le nínú gbogbo wọn.

Baba onílé wọn náà rí tiẹ̀. Baba yìí fàáké kọ́rí pé òun ò ní lo awò ojú, nítorí náà gbogbo nǹkan ló ń gbé súnmọ́ imú kó tó rí i. Bàbá Jẹ́jẹ́ ṣe káàdì ọjọ́ ìbí fún un, ilé gogoro tó ní òpó lórí. Baba onílé ṣí i gbàgà, òpó dìde, ó wọ ihò imú rẹ̀.

“Ẹ fẹ́ pa mí!”

“Mo ní kí ẹ ṣí i jẹ́jẹ́.”

“Ṣé ẹ ní kí n gbé imú sẹ́yìn ni?”

Bàbá rò ó, ó rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ ọ́ sójú gbogbo káàdì rẹ̀: “Ṣí i jẹ́jẹ́. Gbé imú sẹ́yìn.”

Gbogbo èèyàn ló ní káàdì Bàbá: onígbàjámọ̀, alápatà, ọmọ tuntun tí kò tíì mọ ìyá rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò ní. Ọ̀rọ̀ àlùmọ́gàjí ló fà á.

Aránṣọ ní àlùmọ́gàjí kan tó fi ń gé aṣọ, ó so àkísà pupa mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kò sí aránṣọ tí kò mọ̀ pé àlùmọ́gàjí tó bá ti gé bébà, ojú rẹ̀ ti kú nìyẹn. Bàbá tó lo ayé rẹ̀ nídìí abẹ gan-an mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Àmọ́ tiẹ̀ kán mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tó ti ń gé fèrèsé, onípupa sì wà nítòsí. Lọ́jọ́ kejì, Aránṣọ ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà rẹ̀. Dípò kó gé e, ṣe ló ń jẹ ẹ́ lẹ́nu.

“Bàbá, ṣé ẹ fi àlùmọ́gàjí mi gé bébà ni?”

“Fèrèsé kan péré ni, ìyá mi.”

“Ẹ ò gbọdọ̀ ki àlùmọ́gàjí bọ káàdì kankan fún mi láyé mi! Mi ò fẹ́!”

Ẹyin lohùn. Bàbá fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn. Bí ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ bá dé, á kí i, á ṣàdúrà fún un títí, á sì padà sídìí tábìlì lọ máa gé ti ẹlòmíràn. Ó dun Aránṣọ wọra. Á máa gbálẹ̀ yíká tábìlì baba rẹ̀, á máa fẹjú wò bóyá tòun wà níbẹ̀. Ì bá kàn sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́.” Àmọ́ ẹni bíni là á jọ, orí kunkun Bàbá, òun náà ló jogún. Ìyàwó mẹkáníìkì bá a béèrè lọ́wọ́ Bàbá.

“Ó ní kí n má gé e,” Bàbá dáhùn. “Mo ṣì ń ronú.”

Ibẹ̀ ni Bàbá wà tí àìsàn fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í gbà kí ohun mímú bí abẹ tàbí àlùmọ́gàjí wọ yàrá aláìsàn. Kò pẹ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù.

“Bàbá, ìwé tó wà nínú páálí oògùn yín dà?”

“Ó wà lẹ́nu iṣẹ́.”

“Páálí ńkọ́?”

“Òun náà ti ríṣẹ́.”

“Pílásítà tí mo gbé síbí?”

Bàbá kọjú sí ògiri, ó ń hanrun.

Aránṣọ bá a bẹ nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ó jókòó ti baba rẹ̀, ó ní, “Bàbá, ọ̀rọ̀ àlùmọ́gàjí ọjọ́ yẹn…”

“Máa lọ sílé, ìyá mi. Ó ti rẹ̀ ẹ́.”

Ó lọ, ó gbé ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu lọ. Kó tó padà dé láàárọ̀, Bàbá ti kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn èèyàn kún ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń sọ ti imú baba onílé, baba onílé náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ń gbé omi fún wọn, kò rẹ́rìn-ín. Ni nọ́ọ̀sì bá wọlé, ó mú nǹkan pẹlẹbẹ kan dání.

“Bàbá yín ní kí n fún yín. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò gé e.”

Páálí oògùn ni, wọ́n tú u, wọ́n sì ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Aránṣọ fọwọ́ tọ etí rẹ̀ yíká bó ṣe máa ń yẹ aṣọ wò. Kò sí ojú abẹ níbì kankan. Gbogbo ibi tó yẹ ní gígé ni Bàbá ti ṣẹ́ wọnú bí ìṣẹ́tí aṣọ, ó fi pílásítà lẹ̀ ẹ́. Aránṣọ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ó fẹ́ yára ṣí i.

“Jẹ́jẹ́!” ni gbogbo ilé pariwo. Ohùn mẹkáníìkì ló ròkè jù.

Ó gbé imú sẹ́yìn, ó fi ìka méjì ṣí i. Máṣíìnì ìránṣọ kan dìde nínú páálí náà, tòun ti àgbá kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìwé oògùn ni wọ́n fi ṣe é; lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ṣì hàn: “Ẹ mi ìgò yìí dáadáa kí ẹ tó lò ó.” Ni ẹ̀rín bá pa wọ́n, ó pa Aránṣọ náà, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ sí i láyà.

“Mo fẹ́ ẹ, Bàbá,” ló wí. “Mo fẹ́ ẹ.”

Ó pa káàdì náà dé jẹ́jẹ́, ó sì tún un ṣí.