Bọ́ọ̀sì Tuntun Tó Gbé Mi Kọjá Ìyá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Mẹ́kà, ní àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí ọkọ mi ń kàwé ní yunifásítì níbẹ̀.

Kudai, àdúgbò kan ní Mẹ́kà, là ń gbé. Ojoojúmọ́ ni ilé tuntun ń yọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò tó. Ọkùnrin ló ń kún inú bọ́ọ̀sì kékeré tó wà; obìnrin á dúró nínú oòrùn títí á fi sú u. A bẹ̀bẹ̀, a kọ lẹ́tà. Nígbà tó yá, wọ́n gbé bọ́ọ̀sì ńlá wá, ó ní éàkọ́ńdíṣọ̀n, ó ní ilẹ̀kùn tiwa lẹ́yìn. Inú wa dùn! Àṣé pátákó ni wọ́n fi dí wa mọ́ ẹ̀yìn, aago tí èèyàn ń tẹ̀ tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin nìkan. Orí ta ni irú ètò yẹn ti jáde?

Ìyá mi wá ṣe Hájì lọ́dún náà. Ọdún méje ni mi ò ti fojú kàn án. Ọjọ́ tí wọ́n máa kó wọn lọ wọ bàálù ní Jẹ́dà, ó ránṣẹ́ pé kí n tètè wá kí wọ́n tó kírun Àsárì, pé òun ní ọ̀rọ̀ kan tí òun fẹ́ bá mi sọ lójúkojú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń rán èèyàn sọ. Ọkọ mi ní ìdánwò, kò lè sìn mí. Mo mú Múmínà, ọmọ mi, dání.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni Múmínà, Mẹ́kà ni mo bí i sí. Bá a sọ Yorùbá, Lárúbáwá ló máa fi dá ọ lóhùn. Ìyá mi ti fi tẹlifóònù bá mi wí lórí ẹ̀, ó ní ṣé ọmọ tí òun ò ní lè bá sọ̀rọ̀ ni mo bí fún òun? Ó dùn mí wọra. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mo ṣòfin pé Yorùbá nìkan ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀.

Bí bọ́ọ̀sì ṣe dé ọ̀kánkán ilé tí ìyá mi wọ̀ sí, mo rí i tí wọ́n ń di ẹrù sórí ọkọ̀ wọn. Mo gbàgbé ibi tí mo wà, mo figbe ta bí a ṣe ń ṣe nílé tí a bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀: "Ó wà o! Ó wà!"

Ẹ gbọ́, "éwà" làwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni". Dẹ́rẹ́bà ò rí mi. Obìnrin kan tó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ló gbọ́ láti ẹ̀yìn pátákó. Ó bá fi kún eré.

Múmínà ń fa abáyà mi, ó ń fi Lárúbáwá sọ pé kí n sọ pé "alà jámbù", ìyẹn ni pé kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kí ni mo ṣe? Mo jágbe mọ́ ọn pé kó bá mi sọ Yorùbá. Ọmọ náà panu mọ́.

Bọ́ọ̀sì wọ ọ̀nà abẹ́ òkè, ìgbà tó yọ lódì kejì ló tó dúró. Mo pọn ọmọ, mo sáré padà láàárín ọkọ̀ tó dí gbagidi. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti lọ. Àlàájà kan tó ń dúró de ọkọ̀ kejì sọ fún mi pé ìyá mi kọ̀, kò fẹ́ wọ ọkọ̀, àfìgbà tí wọ́n ní àwọn máa fi í sílẹ̀. Mo bi í pé ṣé kò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún mi. Ó ní ìyá mi sọ pé òun á dúró dè mí nílé.

Kò lè dúró. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀ wá láago láti ilé pé ó ti kú. Títí dòní, mi ò mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Ọkọ mi lọ fẹjọ́ sùn. Àwọn tó ni bọ́ọ̀sì ní kò sí obìnrin tó ráhùn rí. Nígbà wo ni wọ́n bi wá?

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tún ìlú ṣe, kí ẹ tó sọ pé ọkọ̀ dára, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́, dẹ́rẹ́bà nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ jókòó tì mí, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta lẹ ti pa lẹ́nu mọ́ rí nítorí pé ohùn tó fi sọ ọ́ ò wù yín? Ẹ sọ tiyín, bóyá tiyín ṣì ní àtúnṣe.