Obìnrin Tí Wọ́n Pè Ní Ìyá Ọkọ Mi

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, dókítà kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, n kò gbọdọ̀ gbé garawa omi, n kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ títí ojú ọgbẹ́ yóò fi jinná tinú tòde. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò gbálẹ̀ rí láyé rẹ̀. Mo ní, "Ó dáa, sà." Nínú ọkàn mi, mo ń bi í léèrè ẹni tí yóò wá gbá a.

Eruku ilé wa ní Ilo-Awela kì í gbọ́ ti dókítà. Bí ọkọ̀ akẹ́rù kan bá kọjá lójú títì, eruku rẹ̀ ti bá wa wọ pálọ̀ nìyẹn. Ẹ gbá a láàárọ̀, nígbà tí ó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ẹ lè fi ìka kọ orúkọ yín sórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì wà ní ilé ìwé tí wọ́n ń gbé. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ilé iṣẹ́ kan, ìgbà tó bá wù ú kọ́ ló ń délé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ilé mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ilé ẹni tó kó lọ tí kò tì í.

Ìju tó wú sínú ilé ọmọ mi ló mú mi dé orí tábìlì dókítà. Nígbà tí wọ́n là mí, wọ́n rí i pé kò sí bí wọ́n ṣe lè yọ ìju kí wọ́n fi ilé ọmọ sílẹ̀, ni wọ́n bá yọ méjèèjì. Èmi, ọkọ mi àti nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ojú ọgbẹ́ nìkan la mọ̀. Àwọn ará ilé ọkọ mi ṣì ń gbàdúrà ọmọkùnrin lórí mi, wọn kì í sì í gbé àdúrà yẹn jẹ́jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí wọn, mo mọ ohun tí wọn yóò bá ọkọ mi sọ, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ọkùnrin tó lè bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn. Nítorí náà, mo sọ fún wọn àti gbogbo àwọn tí a jọ ń gbé nínú ọgbà pé ibà ló dá mi dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ibà wo ni kì í jẹ́ kí obìnrin lè gbá iwájú ilé rẹ̀ láti oṣù kan bọ́ sí òmíràn? Ojú ń tì mí láti ṣílẹ̀kùn.

Ọkọ mi ní kí n wá ẹni tí yóò máa bá mi tọ́jú ilé. Ó sọ ọ́ tán, ó gun ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Èmi ni mo jókòó tí mo ń rò ó. Àwọn aṣojú tó ń báni wá ọmọ ọ̀dọ̀ wà lápá Toll Gate ní Sango, ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀dọ̀ á máa sùn nínú ilé ni, ojú rẹ̀ á tó gbogbo nǹkan. Tí mo bá sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn yóò bá mi wá èèyàn lóòótọ́, àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọn á ti gbé ilé ọmọ mi síwájú àwọn afàdúràjagun. Àwọn tó ń fọ ilé iṣẹ́ bisikíìtì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n alábòójútó wọn ni mí. Èmi tí mò ń fi ìka nu abẹ́ ẹ̀rọ bisikíìtì, tí mò ń jágbe mọ́ wọn pé "You never clean am!", ṣé èmi náà ni n ó mú wọn wá wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi? Ìyá mi ló kọ́ mi pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ tèmi, ó ti kún fún eruku.

Níkẹyìn, nọ́ọ̀sì yẹn ni mo ké sí. Ó ní òun mọ obìnrin kan tó ń gbé ní Alapoti. Inú mi dùn sí Alapoti yẹn, ó jìnnà tó. Mo gbàgbé láti béèrè ọjọ́ orí rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ló wá. Mo ṣílẹ̀kùn, mo rí obìnrin tó lè bí mi, ewú ti yọ lábẹ́ ìborùn rẹ̀, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo di férémù ilẹ̀kùn mú, mo fi ìrora kúnlẹ̀ síbẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn, mà." Òun náà yára na ọwọ́ sí mi. "Ẹ dìde, mà, ẹ dìde!" Ìyá onílé wa, tó ń pọn omi nídìí tápù, rí wa. Òun náà kúnlẹ̀ díẹ̀ láti ibi tó wà. "Ìyá ọkọ wa, ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú àbẹ̀wò ọmọ!"

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Nínú ilé, obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó. "Ṣé èmi ni mo bí ọkọ yín, mà?" Mo ní kó má bínú. Ó ní kí ló fẹ́ bí òun nínú, òun ò tíì mọ ọkọ náà, bóyá ó rẹwà. Ó yọ aṣọ iṣẹ́ nínú báàgì, ó wọ̀ ọ́, ó sì dúró ní kí n sọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Níbi iṣẹ́, Pidgin ni mo fi ń rán àwọn èèyàn níṣẹ́, Pidgin kò sì mọ àgbà. Ní Yorùbá, báwo ni n ó ṣe wo ojú ẹni tó tó ìyá mi kí n ní kó lọ fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mi? Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, tí kò bá ni yín lára, bóyá tí ẹ bá fẹ́, balùwẹ̀ yẹn…" Ó dúró títí mo fi parí. Ó ní, "Mà, tí ẹ bá ń bẹ̀ mí báyìí, ilẹ̀ á ṣú kí n tó débẹ̀." Ó wọ balùwẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo gbọ́ ariwo búrọ́ọ̀ṣì lórí táìlì, ara tù mí, ojú sì tì mí pé ara tù mí.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ilé gbà pé ìyá ọkọ mi ló ń wá wò mí. Bó bá ti yọ, ìyá onílé á gbé àga síta fún un, wọn á jọ béèrè àlàáfíà ara wọn. Mo rò pé obìnrin náà yóò sọ fún wọn pé òun kọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gèlè ló wé wá, aṣọ iṣẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ báàgì. Ó ń gbádùn rẹ̀. Ó sọ fún mi pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbé àga fún òun. Òun kan náà ló ń fà mí dìde lórí àga lọ́jọ́ kan, aṣọ mi sì ká sókè, ó rí ibi tí wọ́n ti là mí. Ó tẹ aṣọ náà wálẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ọlọ́run á wò ó sàn," ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́, ooru mú, a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Mo nà sórí àga pálọ̀ bíi ìyàwó ọba. Òun wà lórí eékún, ó ń fi kàn-ìn-kàn-ìn ha ilẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ mi. Ìyá onílé yọjú láti béèrè nǹkan, ó sì kígbe tó fi jẹ́ pé àwọn tó wà nídìí tápù wá.

"Áà! Ìyá ọkọ rẹ! O nà gbọọrọ, o ní kí ìyá ọkọ rẹ máa fọ ilẹ̀ ní abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ? Ṣé ibà ló ń ṣe ẹ́ àbí ìwà? Kí ló wà lára rẹ tí o kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀?"

Gbogbo ojú wà lára mi. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló lè gbà mí: kí n sọ pé òṣìṣẹ́ ni, tàbí kí n sọ ohun tí wọ́n yọ. Bí mo bá sọ èkínní, wọ́n á béèrè ìdí tí obìnrin tó jẹ́ pé ibà lásán ló ń ṣe é fi ń gba òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ á sì kan èkejì. Ọwọ́ mi ti lọ síkùn láìmọ̀. Obìnrin náà wo ọwọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ.

"Ẹ má bínú sí i, mà," ó sọ fún ìyá onílé. "N kì í ṣe ìyá ọkọ ẹnikẹ́ni níbí. Iṣẹ́ ilé fífọ̀ ni mò ń ṣe. Èmi ni mo purọ́ fún yín, nítorí pé ẹ ń pè mí ní ìyá, ó dùn mọ́ mi."

Ẹnìkan nídìí ilẹ̀kùn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá onílé wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Gbogbo ìbínú tó fẹ́ dà lé mi lórí ló gbé lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní òun ń gbé àga fún òṣìṣẹ́! Òun ń kúnlẹ̀ fún òṣìṣẹ́! Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ bí ìgbà téèyàn ń bá olè sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó tún rántí bi mí ní ìbéèrè kankan. Mo jókòó sórí àga náà, mo fa aṣọ bo ikùn mi.

Mo rò pé kò ní padà wá mọ́, ṣùgbọ́n ó wá ní Sátidé. Kò wé gèlè. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í nu wíńdò nígbà tí ìyá onílé pariwo láti ìta: "Kílínà! Wá bá mi kó ìdọ̀tí ibí yìí." Bẹ́ẹ̀, wọn ò fi ọjọ́ orí ju ara wọn lọ. Obìnrin náà ní, "Mò ń bọ̀, mà," ó sì jáde lọ kó o.

Nígbà tó wọlé padà, mo sún mọ́ ọn. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà."

Ó dojú kọ mí, kò rẹ́rìn-ín. "Nítorí kí ni, mà?"

Ó béèrè dáadáa, ó sì dúró de èsì. Mo bojú wo ẹnu ọ̀nà. Ó ṣí sílẹ̀, ìyá onílé sì wà lórí àga rẹ̀ níta, ó ń fetí sílẹ̀. Mo ní kò sí nǹkan kan, mo ní kí ó máa bá iṣẹ́ lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rán an níṣẹ́ láìbẹ̀ ẹ́.