Etí Tó Ń Tún Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Ṣe

Ehín mẹ́rin ló kù sí mi lẹ́nu. Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ọkùnrin yìí, kí wọ́n já bọ́ lónìí, kí n máa fi erìgì jẹun títí ọlọ́jọ́ ó fi dé.

Elétí-Ọfẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe, etí ló sì fi ń ṣe é, ọwọ́ kàn ń bá a lọ ni. Bó bá wọlé oníbàárà, kò ní tú nǹkan kan. Á ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà, á fi ẹnu sukudiráfà kan ara irin, á fi ìdí rẹ̀ ti ihò etí, á wá dijú bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí ìdílé fún. Bí omi ò bá jáde tí páǹpù sì ń kùn hùn-ùn, á ní nǹkan há a lọ́fun, kí wọ́n ṣí asẹ́ kékeré tó wà nísàlẹ̀; wọ́n á sì bá bọ́tìnnì tàbí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ọwọ́ níbẹ̀. Bí páǹpù bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ti kú nìyẹn. Bí omi ò bá wọlé rárá, á ní kí wọ́n lọ yẹ ẹnu ẹ̀rọ omi wò bóyá wọ́n ṣí i, kí wọ́n tó máa bú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Èyí tó bá ń jó kiri yàrá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ò dọ́gba, tàbí kí aṣọ wọ́ jọ sápá kan. Ó máa ń sọ pé ọ̀kan jó títí ó fi kan ilẹ̀kùn, tí onílé sì béèrè pé ta nìyẹn.

Ìró kan péré ni kì í bá ṣeré. Gùrùrù, bí ẹni ń lọ òkúta, nígbà tí ẹ̀rọ bá ń yí aṣọ láti fún omi rẹ̀. Bíárìn ló ti jẹ yẹn, irin róbótó tí agbọ̀n aṣọ ń yí lé lórí. Bó bá jẹ tán, rọ́bà tó ń dá omi dúró lẹ́yìn rẹ̀ á ya, omi á sì kán síbi tí iná wà. Kí wọ́n yọ ọ́ lára iná lójú ẹsẹ̀, ohun tó máa ń wí nìyẹn, kò sì ní kúrò nílé náà títí wọn ó fi yọ ọ́.

Lẹ́yìn tó pé ọgọ́ta ọdún, etí ọ̀tún lọ. Ti òsì ò jẹ́ kó dá lọ. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀, òun náà sì kọ́kọ́ rò pé ìgbéraga ni, bó ṣe ń pè é láti ẹ̀yìn tí kò dáhùn. Ó bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní, "Bí Elétí-Ọfẹ ò bá gbọ́ nǹkan mọ́, kí ni wọ́n fẹ́ máa pè mí?" Ló bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbọ́. Àtẹ́lẹwọ́ mọ èyí tó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò mọ gùrùrù.

Bí ó ṣe di ọjọ́ kan nìyẹn, tí àbúrò rẹ̀ obìnrin ránṣẹ́ pè é. Alágbàfọ̀ ni àbúrò yìí, opó ni, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló sì fi ń bọ́ ilé. Ẹ̀rọ náà gbé omi mì, kò sì pọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ṣí asẹ́, ó fa ìkótí kan àti ìbọ̀sẹ̀ kan jáde, omi dà wàà. Ó nu ọwọ́, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àbúrò wo ẹ̀rọ, ó wo ẹ̀gbọ́n.

"Bọ̀ọ̀dá, ìró yìí ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n rí i pé ẹnu àbúrò ń mì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí. "Ó ti dáa. Máa lò ó."

Obìnrin náà gbọ́ gùrùrù. Aládùúgbò tó wà lẹ́yìn ògiri náà gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá Elétí-Ọfẹ jiyàn nípa ìró? Wọ́n ní bó bá ní ó dáa, ó dáa. Bí àwọn tó gbọ́ràn ṣe pa etí ara wọn tì nítorí adití kan nìyẹn. Ọ̀gá ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó pa làpálàpá lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, rọ́bà ya. Obìnrin náà dúró sínú omi láìwọ bàtà, ó nawọ́ fa aṣọ ìtẹ́lẹ̀ ibùsùn jáde, iná gbé e. Aládùúgbò yẹn ló sáré pa iná. Kò kú. Ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta àárín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ le gbagidi, wọn ò ká mọ́, ọwọ́ tó fi ń jẹun, tó fi ń fọṣọ.

Ẹ̀gbọ́n dá tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Ó bu bíárìn tó ti rún sọ́wọ́, ó gbé e lọ síbi ibùsùn àbúrò rẹ̀. "Èmi ni mo ṣe é," ló wí. "Ó ti tó ọdún méjì tí n ò gbọ́ nǹkan."

"Èmi gbọ́ ọ, Bọ̀ọ̀dá. Mo ní bí ẹ̀yin ò bá gbọ́ ọ, a jẹ́ pé etí tèmi ló ń purọ́."

Kò gbọ́. Ó di dandan kí àbúrò tún un sọ, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n lè máa wo ẹnu rẹ̀. Ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín: obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Etí yín ti lọ, ọwọ́ mi ti lọ. Ẹ jẹ́ ká máa fi èyí tó kù jẹun."

Àwọn méjèèjì ló ń lọ sílé oníbàárà báyìí. Àbúrò á jókòó lórí àpótí, ẹ̀gbọ́n á lóṣòó síwájú ẹ̀rọ. Bí páǹpù bá ń kùn, àbúrò á gbá a léjìká lẹ́ẹ̀kan. Bó bá dákẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ gùrùrù, á gbé ọwọ́ ọ̀tún yẹn lé e lọ́rùn, pẹ̀lú ìka mẹ́ta tí kò ká, ẹ̀gbọ́n á sì yọ wáyà lára iná láì bojú wẹ̀yìn. Oníbàárà á ní Elétí-Ọfẹ ti dé. Kò sẹ́ni tó béèrè pé èwo nínú wọn.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, àfi ohun kékeré kan. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó kọjú sógiri ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló sì kọjá kó tó sọ ọ̀rọ̀ pé ká máa fi èyí tó kù jẹun. Èmi ni mo fi ẹ̀rín síbẹ̀. Ẹ yọ ehín kan kúrò nínú mẹ́rin.