Ẹlẹ́rìí tí Mojí Kò Pè

Agogo mẹ́rin ìdájí ni mo kúrò ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, kí ọkọ̀ òfurufú má baà fi mí sílẹ̀ n'Íkẹjà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìwé ìròyìn wa rán mi: kí n lọ wo obìnrin Yorùbá tó ń ṣe òṣèlú alátakò ní Calgary, ní Kánádà. Nígbà tí mo fi débẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti wú nínú bàtà. Yìnyín bo ilẹ̀ bí iyọ̀ tí àpò rẹ̀ ya. Snow ni gbogbo ọmọ Yorùbá ibẹ̀ ń pè é. N kò gbọ́ yìnyín lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Mojí Alábẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe obìnrin náà, torí nọ́ọ̀sì ni. Ó ṣe é n'Ílọrin, ó tún un kọ́ ní Calgary, ó sì lo ọdún mọ́kànlá nílé ìwòsàn kó tó gbé àpótí ìbò. Lẹ́ẹ̀kíní, ó fìdí rẹmi. Lẹ́ẹ̀kejì, ó wọlé, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí ìjọba gbà. Ọ̀rọ̀ ìlera àti ìtọ́jú arúgbó ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́, kó máa bi ìjọba léèrè. Nílé wa, alátakò tí ebi bá pa díẹ̀ á ti sọdá sí ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba. Mo bi í bóyá ó ti rò ó rí.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo fẹ́ lọ jẹ níbẹ̀?” ó ní. “Ìbéèrè niṣẹ́ mi. Tí gbogbo wa bá sọdá, ta ni yóò béèrè?”

Abẹ́ ilé rẹ̀ ní Saddle Ridge ni mo sùn sí, nínú yàrá tí wọ́n ń pè ní basement. Láàárọ̀ Sátidé, mo fi ìròyìn mi àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn kí a tó jáde; ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan tí Mojí ti sọ fún mi ló wà nínú rẹ̀. A fi mọ́tò sílẹ̀ torí ojú ọ̀nà ń yọ̀, a wọ train ní Saddletowne. Owó rẹ̀ kò pé dọ́là mẹ́rin. Kò sí kọ̀ńdọ́ kankan. Olúkúlùkù ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lójú ẹ̀rọ, ó ń wọlé jẹ́jẹ́. Bó bá jẹ́ Ìbàdàn ni, ẹ̀rọ yẹn nìkan ni ìbá dúró sójú kan. A wọ bọ́ọ̀sì dé Forest Lawn, Mojí ra iṣu kan tí kò nípọn ju apá mi lọ ní dọ́là mẹ́tàdínlógún. A kì í fi ọwọ́ òfo wọlé onílé.

Onílé tí à ń lọ bá ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ilé ìtọ́jú arúgbó ló ń bá ṣiṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òṣìṣẹ́ méjì péré ló kù fún gbogbo yàrá tó wà lókè, bàbá kan sì ṣubú ní balùwẹ̀.

“Mo gbọ́ tó ń pè mí,” ó sọ fún mi. “Ọwọ́ mi wà lára ìyá kan. Bí mo bá fi í sílẹ̀, òun náà á ṣubú. Bàbá ń pè mí, ń pè mí. Nígbà tí mo fi débẹ̀, ó ti dákú.”

Lọ́jọ́ Ajé, Mojí fẹ́ ka ọ̀rọ̀ yìí nílé aṣòfin, níwájú mínísítà tó ń sọ pé àròsọ ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó kiri. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ṣì ń retí PR, ìwé tó ń jẹ́ kí àlejò máa gbé Kánádà títí, iṣẹ́ yìí gan-an ni ìwé náà sì rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá lé e níbi iṣẹ́, Nàìjíríà ló ń padà sí. Nítorí náà, a fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Orúkọ ọmọ rẹ̀ la fi pè é, èmi nínú ìròyìn mi, Mojí nínú ìwé tó fẹ́ kà. Ẹ jẹ́ kí n fi Lágbájá rọ́pò orúkọ ọmọ náà, kí n pè é ní Ìyá Lágbájá níhìn-ín.

Mojí kì í ka ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí síta láì kọ́kọ́ kà á fún ẹni tó ni ín. Ó jókòó ní kíṣìnnì, ó ń kà, obìnrin náà ń bẹ iṣu, ó ń mi orí.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀, Aunty Mojí. Orúkọ mi ò sí níbẹ̀.”

Fóònù rẹ̀ dún. Ọmọbìnrin rẹ̀ gbé e wá. “Mummy, it's your boss.” Omi iṣu wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ló bá tẹ̀ ẹ́ sí speaker, gbogbo wa ń gbọ́.

“Hello, Ìyá Lágbájá!” òyìnbó náà ní, ó pè é já geere. Ó fẹ́ kó wá ṣiṣẹ́ ní agogo mẹ́ta.

Nígbà tí ìpè náà parí, ọ̀bẹ ṣì wà lára iṣu, kò gbé e.

“Ta ló kọ́ ọ̀gá yín ní orúkọ yẹn?” Mojí béèrè.

“Èmi ni. Gbogbo wọn ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Wọn ò mọ òmíràn.”

Ọmọ Yorùbá mẹ́ta jókòó, ohun tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n la fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni a pè é. Kò sẹ́ni tó ronú kọjá ibẹ̀.

Nígbà náà ni mo rántí ìròyìn mi. Agogo mọ́kànlá àárọ̀ ni ní Calgary, méje alẹ́ n'Íbàdàn. Ní mẹ́jọ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa ń yí. Mo fa fóònù mi yọ: òtútù ti pa á. N kò sì mọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni lórí. A so ó mọ́ iná, a dúró tì í bí ẹni dúró ti aláìsàn. Ìyá Lágbájá fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń wo fóònù mi.

Nígbà tó tàn, mo pe ilé iṣẹ́ wa; Lékè, tó ń to ojú ìwé, ló gbé e. “Ẹ̀gbọ́n, ojú ìwé kẹta tí ìròyìn yín wà ti fẹ́ wọ ẹ̀rọ o.”

“Yọ ọ́!”

“Kí ni kí n fi dí i?”

“Fi àwòrán mi dí i.”

“Àwòrán yín? Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká tà lọ́la.”

Ìpolówó ọṣẹ ló fi dí i. Ó ya fọ́tò ojú ìwé náà ránṣẹ́. Ìyá Lágbájá kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí dé iye tí wọ́n ń ta ọṣẹ, kó tó jókòó.

Edmonton ni ilé aṣòfin wà, ìrìn wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti wò ó lọ́jọ́ Ajé. Mojí dìde, ó béèrè ìdí tí òṣìṣẹ́ fi ń dín kù nílé àwọn arúgbó. Mínísítà ní kó mú ẹlẹ́rìí rẹ̀ wá. Mojí wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, kò kà á, ó jókòó. Ẹ̀rín sọ nínú ilé.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín,” ó sọ fún mi lórí fóònù. “Ẹ̀rín kì í gba PR lọ́wọ́ èèyàn.”

Mo padà dé Mọ́kọ́lá ní ọ̀sán Jimọ́ọ̀. Ọlọ́kadà tó gbé mi wọlé kígbe pé, “Bàbá Ṣeun, ẹ kú àbọ̀!” Mo bi í bóyá ó mọ orúkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín: “Ṣé ẹ tún ní òmíràn ni?” Láti ọjọ́ náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń bi ẹlẹ́rìí ni pé: kí ni wọ́n ń pè yín níbi iṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ládùúgbò?

Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi ni ìtàn yìí wà títí ohùn kan fi wọ fóònù mi láti Calgary:

“Ẹ̀gbọ́n, PR ti jáde. Mo ti fi ibiṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí. Ẹ yọ orúkọ ọmọ mi kúrò níbẹ̀ o. Rónkẹ́ ni mí. Ẹ kọ Rónkẹ́.”