Omi Napoli àti Àgbọ̀n Liborio

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ, ìkòkò omi ni. Gbogbo bí àwọn èèyàn ṣe ń dúró níwájú ẹ̀rọ kọfí Liborio, tí wọ́n ń ṣí fìlà bí ẹni wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìkòkò bàbà ni, iná wà lábẹ́ rẹ̀, fáàfù wà lórí rẹ̀ kí ooru má baà bẹ́ ẹ. Èmi Nunzia ni mo ń gba owó nílé kọfí yẹn láti ìgbà tí àbúrò mi ti fẹ́ Liborio. Àbúrò mi ti kú, ọkọ rẹ̀ ló ṣẹ́ kù sí mi lọ́rùn. Mo mọ ẹ̀rọ náà, mo sì mọ ọkùnrin náà. Nínú àwọn méjèèjì, ẹ̀rọ ni mo lè bá gbé.

Don Gaetano, bàbá Liborio, ló ra ẹ̀rọ náà. Òṣìṣẹ́ gidi nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á ká ọwọ́ aṣọ sókè, á tú orí ẹ̀rọ palẹ̀, á fi búrọ́ọ̀ṣì ha inú rẹ̀, á pààrọ̀ rọ́bà tó bá ti gbó. Assunta, ọmọ Liborio, á jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àgbà rẹ̀, á máa bá a di nọ́ọ̀tì mú nínú aṣọ rẹ̀. Liborio ńkọ́? Ó wà ní pápá, ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ń fa ọ̀pá ẹ̀rọ níwájú àwọn oníbàárà nìkan ló máa ń wò ó. Nígbà tí bàbá kú, ohun tí ọmọ jogún nìyẹn: bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀pá níwájú èrò.

Ẹ wá wò ó bó bá ń fà á. Á di ojú. Á mí kanlẹ̀. Á rọra fa ọ̀pá sílẹ̀ bí ẹni tó ń fa ìyàwó tuntun jó. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò sì ju báyìí lọ: a lọ kọfí, a tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìgbákọ onírin tí asẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, a há ìgbákọ náà mọ́ orí ẹ̀rọ, rọ́bà sì dí etí rẹ̀ pa. Bí o bá fa ọ̀pá sílẹ̀, sípíríǹgì á fún pọ̀, písítìnì á gòkè, omi gbígbóná á ti inú ìkòkò gba ihò kékeré kan wọlé, á bo kọfí náà. Bí o bá jọ̀wọ́ ọ̀pá, sípíríǹgì á máa na ara rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, á máa fi písítìnì ti omi gba inú kọfí kọjá sínú ife. Ó tán. Sípíríǹgì ló ń ṣiṣẹ́, Liborio ló ń làágùn.

Bí ẹnì kan bá wá yìn ín pé kọfí yìí dára, á gbé ìka sókè. "Omi ni! Omi Napoli. Ẹ gbé ẹ̀rọ yìí lọ sí Milano, ẹrẹ̀ ni ẹ máa mu."

Nígbà tó yá, kọfí náà bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ó ń korò bí ìdí ìkòkò tó jóná, ìfófòó orí rẹ̀ funfun, kò sì pẹ́ tó fi ń parẹ́. Eustachio onígbàjámọ̀, tó ti ń mu kọfí wa láti ìgbà tí irun ti wà lórí òun fúnra rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdajì sílẹ̀ nínú ife. Liborio bú afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ti ojú òkun wá. Ó bú àwọn tó ń yan kọfí. Ó bú ẹ̀rọ ìlọkọfí. Níkẹyìn ó padà sídìí orin rẹ̀ àtijọ́: omi ni, omi ti yí padà. Kọfí dára, omi ni. Kọfí burú, omi náà ni. Irú ọkùnrin tí àbúrò mi fẹ́ nìyẹn.

Assunta mọ ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ife ni bàbá rẹ̀ ní kó máa fọ̀, kó máa sè é nínú omi híhó kó lè jó ètè bí a ṣe fẹ́ ẹ níhìn-ín, kó máa gbé omi tútù fún oníbàárà kí kọfí tó dé. Ọ̀pá kọ́. Gerarda, ọmọ àdúgbò wa tó ti di onílé kọfí ní Torino, ìlú olótùútù lápá àríwá, ti ní kó wá máa fa ọ̀pá fún òun. Ọmọ náà kò fẹ́ lọ. Ó kórìíra òtútù, ó sì fẹ́ràn ẹ̀rọ bàbá àgbà rẹ̀. Èmi náà kò fẹ́ kó lọ, òun nìkan ni àbúrò mi fi sílẹ̀ fún mi. Ó sọ fún Gerarda pé kó fún òun láyè díẹ̀.

Ní àárọ̀ Saturday kan, ilé kún, ó gbé ife kalẹ̀, ó sì kọjú sí bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tú u lọ́la, ẹ jọ̀ọ́. Ẹfun inú omi ti ń dí ihò yẹn pa. Ọjọ́ tí omi ò bá wọlé mọ́, kò ní sí nǹkan tó máa di sípíríǹgì lọ́wọ́. Ọ̀pá á fò mọ́ yín lọ́wọ́."

Liborio rẹ́rìn-ín sí àwọn oníbàárà. "Ẹ gbọ́ o! Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, ṣé ó lè ní àkísà bí àgbà?"

"Àkísà yẹn gan-an ló wà nínú ẹ̀rọ yín, Bàbá."

Kọfí gba imú Eustachio jáde. Ojú Liborio pọ́n.

"Ọwọ́ obìnrin ò kan ọ̀pá yìí rí! Bàbá mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u títí ó fi kú!"

"Irọ́ lò ń pa," mo ké láti ìdí owó. "Ọjọ́ Sunday gbogbo ni bàbá ẹ ń tú u. Ìwọ lò ń lé bọ́ọ̀lù kiri bí ewúrẹ́ tó já."

"Ẹ̀gbọ́n, owó lẹ wà fún. Ẹ máa gba owó yín."

Ó há ìgbákọ mọ́ orí ẹ̀rọ, ó fa ọ̀pá sílẹ̀, ó sì yíjú sí Eustachio, ó na ọrùn síwájú, ó gbé àgbọ̀n sórí ọ̀pá gan-an. "Ẹ wò ó, Eustachio, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ omi yìí fún yín," ló wí, ó sì jọ̀wọ́ ọ̀pá.

Omi kò wọlé. Ọ̀pá kò rọra gòkè, ó ta. A gbọ́ kọ̀ọ̀! Liborio ti wà nílẹ̀, eyín rẹ̀ kan sì ti bọ́ sínú abọ́ ṣúgà. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n di àgbọ̀n rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì Assunta tú ẹ̀rọ. Búrọ́ọ̀ṣì Don Gaetano ṣì wà níbi tó fi kọ́. Rọ́bà tó yọ níbẹ̀ ti gan bí awọ bàtà àtijọ́. Asẹ́ dúdú pátápátá. Ẹfun funfun tó fi irin tọ́ jáde nínú ihò yẹn, àwo kékeré kan kún fún un. Ó fi ọtí kíkan fọ gbogbo rẹ̀, ó fi rọ́bà tuntun sí i, ó tò ó padà láì bi ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ Monday, Eustachio mu tirẹ̀. Ó lá ṣíbí, ó ní kí wọ́n fún òun ní òmíràn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn tó ti sá lọ ti padà, kò sí àyè ìdúró mọ́. Assunta ń fa ọ̀pá, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, ó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ó sì gbé àgbọ̀n tirẹ̀ jìnnà.

"Àǹtí," ló sọ fún mi, "bí Bàbá bá ti lè ní ó dára, pé èmi ni mo ṣe é, mi ò lọ Torino mọ́. Gbólóhùn kan péré."

Liborio dé, báńdéèjì ká a lágbọ̀n dé orí bí òkú tí wọ́n ti wẹ̀. Ó jókòó. Assunta gbé omi tútù fún un, lẹ́yìn náà ó gbé kọfí. Gbogbo ilé na ọrùn bí ìgbà tí a ń retí kí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ ẹni mímọ́ wa, San Gennaro, yọ́ nínú ìgò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu fà á díẹ̀.

Mo ń wo ojú rẹ̀. Omi lé ròrò síbẹ̀. Kọfí bàbá rẹ̀ ló tọ́ wò, ó sì mọ̀. Ohun tí mi ò ní dárí jì í láéláé nìyẹn: ó mọ̀.

Ó gbé ife kalẹ̀. "Wọ́n ti tún omi ṣe," ló wí láàárín eyín.

Assunta nu páìpù ooru, ó ṣan ìgbákọ, ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fi í kọ́ ọ̀pá, ó sì gòkè lọ di ẹrù.

"Ọkọ àbúrò mi, pè é padà!" Mo gbá a léjìká. "Pè é, òpònú!"

Ó na ìka sí àgbọ̀n rẹ̀, pé ó ń dun òun. Àgbọ̀n tí kò sinmi rí láyé rẹ̀, ọjọ́ yẹn ló rántí pé ó ń dùn ún.

Ó ti padà sídìí ọ̀pá báyìí. Kọfí ti tún ń korò. Assunta máa ń pè mí lórí fóònù ní ọjọ́ Sunday, Liborio á sì máa nu ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ lórí ẹ̀rọ, títí n ó fi gbé fóònù sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," á wí, kò ní wò mí lójú, "omi Torino yẹn ńkọ́? Ṣé ó dáa?"

Owó mi ni mo máa ń kà lọ. Kó lọ bi ẹni tó ń mu ún.